Agẹṣin Tí Kì í Ṣe Ẹlẹ́ṣin: Eré-Ìje Ẹṣin, Ogun Òde-Òní àti Ìdánimọ̀ Àwọn Adúláwọ̀ Kentucky

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò ipa tí ẹṣin kó nínú ìdánimọ̀ àwọn adúláwọ̀ ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà Ogun Abẹ́lé ilẹ̀ náà títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìrìn-àjò gígùn méjì ni òpó tí àlàyé náà dúró lé: ti Charles Young ní ọdún 1918 àti ti Jimmy Winkfield ní ọdún 1919. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé pápá eré-ìje àti ojú ogun kì í ṣe ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ìmọ̀ kan náà ni ibi méjèèjì lò lára wọn, ọ̀nà kan náà ni ibi méjèèjì sì gbà fi ẹ̀tọ́ orúkọ àti ipò dù wọ́n: nípasẹ̀ ìwé tí ẹlòmíràn ní àṣẹ láti kọ.

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ méjì ni èdè Yorùbá fi ń pe ẹni tí ọ̀ràn ẹṣin kàn gbọ̀ngbọ̀n. Èkíní ni ẹlẹ́ṣin, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oní àti ẹṣin. Ẹni tí ó ni ẹṣin ni ó ń tọ́ka sí. Èkejì ni agẹṣin, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ a, gùn àti ẹṣin. Ẹni tí ó jókòó lórí ẹṣin tí ó sì ń darí rẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwọn méjèèjì máa ń wọnú ara wọn, nítorí pé ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ẹni tí ó ni ẹṣin ni ó sábà máa ń gùn ún. Bíbélì Yorùbá pàápàá pe ọmọ-ogun orí ẹṣin ní ẹlẹ́ṣin. Ní Ọ̀yọ́, ẹni tí kò ni ẹṣin ọba lè gba oyè ńlá nípasẹ̀ rẹ̀: Olókùn-ẹṣin jẹ́ olóyè tí gbogbo ìlú mọ̀, okùn ẹṣin ẹlòmíràn ni orúkọ oyè rẹ̀ sì fà yọ.

Ìtàn kan wà lókè òkun tí kò ṣeé sọ dáadáa bí ènìyàn kò bá ya ẹlẹ́ṣin àti agẹṣin sọ́tọ̀. Ìtàn náà ni ti àwọn adúláwọ̀ Kentucky, àwọn tí wọ́n mọ ẹṣin í gùn débi pé ìlú kò lè ṣe eré-ìje láìsí wọn, tí ìjọba sì fi wọ́n jagun, síbẹ̀ tí ẹnu ọ̀nà ipò ẹlẹ́ṣin ń tì mọ́ wọn lójú. Nínú ogun òde-òní àti eré-ìje òde-òní, ìmọ̀ nìkan kò tó láti sọ ènìyàn di nǹkan. Ìwé ni ó ń sọ ọ́: ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ-ogun, ìwé àṣẹ agẹṣin, ìwé dókítà, ìwé àdéhùn. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí dojú kọ ni èyí: nígbà tí ọwọ́ kan bá mọ iṣẹ́, tí ọwọ́ mìíràn sì di kálàmù mú, orúkọ wo ni agẹṣin yóò máa jẹ́?

Orúkọ nínú ilé ẹṣin

Kí Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1861, Kentucky ti lókìkí fún sísin ẹṣin eré-ìje. Àwọn ọlọ́rọ̀ ibẹ̀ ni ẹlẹ́ṣin. Ẹrú ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹrú ni ó ń jí ní ìdájí láti fún ẹṣin lóúnjẹ, òun ni ó ń wò ó bí ó bá ń tiro, òun ni ó ń kọ́ ọ ní eré, òun náà ni yóò sì gùn ún lójú èrò ní ọjọ́ ìdíje. Ìmọ̀ yìí ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ó sì máa ń fún àwọn tí ó ní in ní àǹfààní díẹ̀ tí ẹrú oko kò ní: wọ́n ń rìnrìn àjò, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn, olówó wọn sì ń gba ìmọ̀ràn wọn. Àmọ́ àǹfààní kì í ṣe òmìnira. Ẹni tí wọ́n ń bi léèrè nípa ẹṣin lónìí lè di ẹni tí wọ́n tà pẹ̀lú ẹṣin lọ́la.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oko Woodburn ní ọdún 1864 fi ipò náà hàn kedere. Oko Robert A. Alexander ni, ibẹ̀ sì ni ayàwòrán Edward Troye ti ya Asteroid, ẹṣin tí kò tíì sí èyí tí ó borí rẹ̀. Ènìyàn méjì tí wọ́n jẹ́ ẹrú wà nínú àwòrán náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kan ni Ansel Williamson, olùkọ́ ẹṣin. Èkejì ni ọmọdékùnrin agẹṣin kan tí ń jẹ́ Edward Dudley Brown. Ọmọ náà mọ eré í sá tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Brown Dick, orúkọ ẹṣin eré-ìje kan tí ó lókìkí. Àwọn Yorùbá a máa wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti ọmọ yìí, ilé ẹṣin ni wọ́n wò.

Alexander jẹ́ ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ta àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè ní oko rẹ̀ kí ogun má baà kàn án. Àsíá náà kò gbà á sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1864, àwọn jàǹdùkú ológun tí ń ti Gúúsù lẹ́yìn ya wọ oko náà, wọ́n sì jí Asteroid gbé lọ. Wọ́n san owó ìràpadà kí wọ́n tó rí i gbà padà. Nínú oṣù kan náà, àwọn adúláwọ̀ Kentucky mìíràn ti wà lórí ẹṣin fúnra wọn, wọ́n ń lọ sí ogun, orúkọ wọn sì ti wà nínú ìwé tí kì í ṣe ìwé olówó wọn.

Gàárì di ìhámọ́ra

Ìkéde òmìnira tí Ààrẹ Lincoln ṣe ní ọdún 1863 kò kan Kentucky, nítorí pé ìpínlẹ̀ náà kò yapa kúrò lára Ìjọba Àpapọ̀. Ní ọdún 1864, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó dájú fún ọkùnrin tí ó jẹ́ ẹrú níbẹ̀ láti gba òmìnira lábẹ́ òfin ni pé kí ó di ọmọ-ogun. Àgọ́ ológun Camp Nelson ni ojúkò ìforúkọsílẹ̀, àwọn tí wọ́n wọṣẹ́ níbẹ̀ sì ju 10,000 lọ. Ọkùnrin tí ó ti ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo nínú ìwé ohun ìní olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ bàbá tàbí orúkọ ìdílé kí akọ̀wé tó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó gbé wọ àgọ́ yìí ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ìwé mọ̀.

Ohun tí ìwé fi fún ọkùnrin, kò fi fún aya àti ọmọ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1864, ní àkókò òtútù líle, àwọn ọ̀gá àgọ́ náà lé nǹkan bí 400 obìnrin àti ọmọ tí wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ-ogun wá, wọ́n sì wó ilé wọn. Ju 100 lọ nínú wọn kú. Ariwo tí ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin ní oṣù Kẹta ọdún 1865 tí ó sọ aya àti ọmọ àwọn ọmọ-ogun bẹ́ẹ̀ di òmìnira.

Láti inú àgọ́ yìí ni ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin adúláwọ̀ karùn-ún ti Amẹ́ríkà ti jáde. Ènìyàn lè rò pé ìjọba tí ó rí àwọn tí wọ́n dàgbà nínú ilé ẹṣin yóò lo ìmọ̀ wọn dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹṣin tí wọn kò tíì kọ́ ni wọ́n fún wọn. Ìbọn àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́, ìbọn gígùn tí ènìyàn kò lè ki ọta bọ̀ lórí ẹṣin. Bí wọ́n ti ń lọ sí Saltville ní Virginia, àwọn ọmọ-ogun aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ wà ní ìhà kan náà ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n ń já fìlà wọn, wọ́n sì ń jí ẹṣin wọn. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ọdún 1864, nǹkan bí 400 nínú wọn sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ gun òkè kojú ọ̀tá. Ìròyìn ọ̀gá wọn, James Brisbin, sọ pé 114 nínú wọn ni ó kú tàbí tí ó fara gbọgbẹ́, àti pé nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n ṣẹ̀sín mọ́.

Àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ tí wọn kò lè rìn ni wọ́n fi sílẹ̀ lójú ogun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ-ogun Gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n ní ibi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Àwọn onítàn ṣì ń jiyàn lórí iye wọn, ṣùgbọ́n pé ìpakúpa wáyé kò ní iyèméjì. Champ Ferguson, ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn ọjọ́ náà, ni wọ́n yẹgi fún ní oṣù Kẹwàá ọdún 1865 fún èyí àti fún àwọn ìpànìyàn mìíràn. Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì nínú àlàyé yìí ni pé òfin ogun ní ààbò tí ó yẹ fún ọmọ-ogun tí ọwọ́ bá tẹ̀. Àwọn tí wọ́n pa àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fi ìbọn sọ pé ìwé Camp Nelson kò tó, pé aṣọ ológun kò lè sọ ẹrú di ọmọ-ogun.

Àwọn ọmọ agọ́ náà lórí pápá

Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n sọ pápá eré-ìje Kentucky di ohun àpéwò lẹ́yìn ogun ni wọ́n ní ìbátan pẹ̀lú iṣẹ́ ológun yìí. Bàbá Isaac Murphy wọṣẹ́ ológun Ìjọba Àpapọ̀, kò sì padà wálé láàyè. Dudley Allen, tí ẹṣin rẹ̀ Kingman borí nínú Kentucky Derby ọdún 1891, ti ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin adúláwọ̀ karùn-ún fúnra rẹ̀. Allen jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tí wọ́n di agẹṣin àti ẹlẹ́ṣin ní ìtumọ̀ kíkún.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sá eré Kentucky Derby, ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1875, agẹṣin 15 ni ó wà lórí pápá, 13 nínú wọn sì jẹ́ adúláwọ̀. Oliver Lewis ni ó gun Aristides tí ó borí. Olùkọ́ ẹṣin náà ni Ansel Williamson, ẹni tí ó wà nínú àwòrán Woodburn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Baden-Baden tí Edward Dudley Brown kọ́ ni ó borí. Láti ọdún 1875 títí di ọdún 1902, ìgbà 28 ni wọ́n sá eré náà, ìgbà 15 sì ni adúláwọ̀ gun ẹṣin tí ó borí. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré: ọmọdé tí ó rí Lewis lórí Aristides mọ̀ pé ọ̀nà náà wà.

Murphy ni ó ga jù nínú wọn. Ó gba Derby ní ọdún 1884, 1890 àti 1891. Nínú ìṣirò òun fúnra rẹ̀, ó borí ní ìgbà 628 nínú eré 1,412. Orúkọ tí wọ́n bí i sí ni Burns. Ó mú Murphy láti fi bu ọlá fún bàbá ìyá rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí ní ìtumọ̀ ńlá nígbà tí ènìyàn bá rántí Brown Dick. Láàárín ìran kan ṣoṣo, agẹṣin ti kúrò ní ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹṣin pè, ó ti di ẹni tí ó yan orúkọ tí àwọn ìwé ìròyìn yóò máa tẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ti agẹṣin kúrò lórí gàárì

Owó ni ó kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ padà. Bí eré-ìje ti ń di òwò ńlá, àwọn agẹṣin tí ó dáńtọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó tí ó pọ̀ ju ti àwọn ọ̀mọ̀wé lọ. Iṣẹ́ tí àwọn aláwọ̀ funfun ti kà sí iṣẹ́ ẹrú wá di iṣẹ́ tí wọ́n ń dù. Ní ọdún 1894, wọ́n dá The Jockey Club sílẹ̀ ní New York, àṣẹ láti fún agẹṣin ní ìwé sì wá wà lọ́wọ́ àwùjọ àwọn ẹlẹ́ṣin ọlọ́rọ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1896, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí òfin ìyàsọ́tọ̀ nínú ẹjọ́ Plessy.

Kò sí òfin kan tí ó sọ pé kí adúláwọ̀ má gun ẹṣin eré-ìje. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lágbára ju òfin lọ. Àwọn agẹṣin aláwọ̀ funfun a pa ọwọ́ pọ̀, wọn a há adúláwọ̀ mọ́ ààrin tàbí kí wọ́n tì í mọ́ ọgbà pápá, wọn a sì fi pàṣán nà án lẹ́sẹ̀. Ẹlẹ́ṣin tí ó bá rí i pé agẹṣin rẹ̀ kò lè borí mọ́ a wá ẹlòmíràn gbà síṣẹ́, a sì sọ pé ọ̀rọ̀ owó ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀. Lẹ́yìn ọdún 1921, kò sí adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gun ẹṣin nínú Kentucky Derby mọ́ títí di ọdún 2000.

Nínú iṣẹ́ ológun náà, nǹkan ń rìn bákan náà. Ní ọdún 1866, ìjọba dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin kẹsàn-án àti ìkẹwàá sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀. Nígbà tí wọ́n rán wọn lọ jà ní Cuba ní ọdún 1898, àyè kò sí nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ẹṣin wọn sílẹ̀ ní Florida, wọ́n sì tún fi ẹsẹ̀ gun òkè San Juan gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wọn ti ṣe ní Saltville. Theodore Roosevelt, tí ó wà níbẹ̀, kọ̀wé lẹ́yìn ogun pé àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí kò lè dúró láìsí ọ̀gá aláwọ̀ funfun. Presley Holliday, ọmọ-ogun ẹgbẹ́ ìkẹwàá, dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn New York Age, ó sì ṣàlàyé ohun tí ojú òun rí. Ìwé Roosevelt ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà.

Ìrìn-àjò ọdún 1918

Charles Young ni wọ́n bí ní abúlé Mays Lick ní Kentucky ní ọdún 1864, ẹrú sì ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Gabriel, sá kúrò ní oko ẹrú, ó sì wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun oníbọn-ńlá adúláwọ̀ ní ọdún 1865. Ọmọ náà gba ilé-ẹ̀kọ́ ológun West Point jáde ní ọdún 1889. Òun ni adúláwọ̀ kẹta tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì di ọdún 1936 kí ẹnì kẹrin tó tún rí i ṣe. Ó ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ó jẹ́ aṣojú ológun Amẹ́ríkà ní Haiti àti ní Liberia, ó sì kọ́ni ní yunifásítì Wilberforce ní Ohio. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1916, ó ṣáájú àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ lórí ẹṣin kojú àwọn ọmọ-ogun Villa ní Agua Caliente ní Mexico.

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní ọdún 1917, Young ni adúláwọ̀ tí ipò rẹ̀ ga jù nínú iṣẹ́ ológun náà. Ogun ń fẹ́ ọ̀gágun, ó sì hàn gbangba pé bí ó bá dúró, yóò di ọ̀gágun àgbà, àwọn aláwọ̀ funfun yóò sì máa gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá kékeré kan láti Mississippi ti ráhùn pé òun kò lè sìn lábẹ́ adúláwọ̀. Sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ààrẹ Wilson. Nígbà tí àwọn dókítà ológun yẹ Young wò, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín. Wọ́n gbé e ga sí ipò Colonel, wọ́n sì fẹ̀yìn rẹ̀ tì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àìsàn náà kì í ṣe irọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìráhùn kì í ṣe irọ́. Agbára ìwé dókítà wà nínú pé ó jẹ́ kí àwọn aláṣẹ lo òtítọ́ kan láti fi bo òmíràn mọ́lẹ̀: wọn kò nílò láti sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ mọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti sọ ọ́ fún wọn.

Young kò kọ lẹ́tà nìkan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1918, ó di ẹṣin rẹ̀ ní gàárì ní Wilberforce, ó sì gùn ún lọ sí Washington, nǹkan bí 500 máìlì. Nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, a fi ìṣẹ́jú 15 rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin náà, a sì gùn ún fún ìyókù. Ẹni ọdún 54 ni nígbà náà. Ó fẹ́ fi hàn pé ara tí wọ́n sọ pé kò lè jagun mọ́ ṣì lè la ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ kọjá.

Síbẹ̀, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1918 yìí kan náà, ìbọn arọ̀jò-ọta àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti lé ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin kúrò lójú ogun ilẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ ibùdókọ̀ àti iṣẹ́ ọ̀nà ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ tí wọ́n kó lọ sí Yúróòpù sí. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kẹsàn-án àti ìkẹwàá kò dé Faransé rárá. Ìdánwò tí Young yàn ni èyí tí ìran rẹ̀ ti gbà gbọ́ fún ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, pé gàárì kì í purọ́. Ogun ti kúrò lórí gàárì. Wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún 1918, ọjọ́ márùn-ún kí ìbọn tó dákẹ́.

Ìrìn-àjò ọdún 1919

Ọmọ Kentucky kejì wà ní apá kejì ayé ní àkókò yìí. Jimmy Winkfield ni wọ́n bí ní ọdún 1882 ní Chilesburg lẹ́bàá Lexington, àbíkẹ́yìn nínú ọmọ 17. Ó gba Kentucky Derby ní ọdún 1901 lórí His Eminence, ó tún gbà á ní ọdún 1902 lórí Alan-a-Dale. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí fi irú ọpọlọ tí agẹṣin ń lò hàn. Ẹṣin méjì ni olówó náà fẹ́ fi sá eré, agẹṣin aláwọ̀ funfun ni yóò sì kọ́kọ́ yan èyí tí ó wù ú. Nígbà ìdánrawò, Winkfield kò jẹ́ kí Alan-a-Dale sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, agẹṣin kejì sì yan ẹṣin tí kò yá tó o. Ní ọjọ́ eré, Winkfield dọ́gbọ́n ti àwọn yòókù sí ibi tí iyanrìn ti jìn, ó sì fi ìwọ̀nba imú ẹṣin borí bí Alan-a-Dale tilẹ̀ ti ń tiro.

Kò tún sí adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gba eré náà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1903, ó ja àdéhùn pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin ńlá kan nítorí owó tí ó pọ̀ jù, ẹlẹ́ṣin náà sì ṣèlérí pé kò ní í rí iṣẹ́ mọ́. Àṣìṣe tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí ilẹ̀kùn ti ń tì, àṣìṣe kan ṣoṣo ti tó. Ní ọdún 1904, ó kọjá sí Rọ́ṣíà, ó sì gba àwọn eré ńlá ní Moscow àti ní Warsaw. Níbẹ̀, wọ́n mọ àwọ̀ rẹ̀, àmọ́ àwọ̀ náà kò ní ìwé tí ó dí i lọ́nà orí gàárì.

Ìyípadà ìjọba ọdún 1917 pa eré-ìje rẹ́ ní Moscow, ó sì bá àwọn ẹlẹ́ṣin lọ sí Odessa. Ní ọdún 1919, nígbà tí àwọn Bolshevik ń súnmọ́ ìlú náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹṣin tí ó ju 200 lọ, wọ́n sì gba orí ilẹ̀ lọ sí Warsaw, nǹkan bí 1,100 máìlì, láàárín ogun àti ìyàn. Ebi pa wọ́n débi pé wọ́n jẹ nínú àwọn ẹṣin náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ dé láàyè.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìrìn-àjò méjèèjì tọ́ sí àkíyèsí. Young gun ẹṣin tirẹ̀ lọ bá ìjọba tirẹ̀ kí wọ́n lè pè é ní ohun tí ó jẹ́. Winkfield kó ẹṣin àwọn ẹlòmíràn sá fún ìjọba tí kì í ṣe tirẹ̀, nínú ogun tí kò sí ẹni tí ó bi í léèrè irú ènìyàn tí ó jẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ń wá ìwé. Ẹnì kejì ti rí ilẹ̀ tí ìwé gbogbo ti jóná. Àmọ́ ohun kan náà ni wọ́n gbé lé ara wọn lọ́wọ́: ìmọ̀ tí ilé ẹṣin Kentucky fi kọ́ wọn, pé bí a bá tọ́jú ẹṣin dáadáa, yóò gbé ni dé ibi tí ó jìnnà.

Ẹnu ọ̀nà iwájú

Winkfield dé ilẹ̀ Faransé, ó gba Prix du Président de la République ní ọdún 1923, ó sì di olùkọ́ ẹṣin tí ó ní ilé ẹṣin tirẹ̀ ní Maisons-Laffitte. Ní Faransé ni agẹṣin yìí ti di ẹlẹ́ṣin. Ní ọdún 1940, ogun tún bá a níbẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun Jámánì gba ilé ẹṣin rẹ̀. Ó padà sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1941, ọkùnrin tí ó ti borí nínú eré tí ó ju 2,500 lọ sì ń fi ẹ̀rọ fọ́ ọ̀nà ní New York. Lẹ́yìn ogun, ó padà sí Faransé. Ní ọdún 1961, ìwé ìròyìn kan pè é wá sí àsè ọ̀sẹ̀ Derby ní Louisville. Nígbà tí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà iwájú hótẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n sọ fún wọn pé wọn kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n kọjá.

Ní ti iṣẹ́ ológun, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kẹsàn-án àti ìkẹwàá kọjá òkun ní ọdún 1944, ṣùgbọ́n àríwá Áfíríkà ni wọ́n ti tú wọn ká, wọ́n sì sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ ẹrù àti ti ọ̀nà. Bí ó ti rí ní Saltville àti ní San Juan, ogun gba ènìyàn náà, ó sì fi ẹṣin rẹ̀ sílẹ̀.

Young ti kú ṣáájú ìgbà yìí, Èkó sì ni ó kú sí. Ìjọba Amẹ́ríkà tún rán an lọ sí Liberia lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ náà sì gbé e dé Nàìjíríà. Àrùn kíndìnrín tí àwọn dókítà ti rí ní ọdún 1917 dé sí i níbẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní ọdún 1922. Àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì sin ín ní Èkó pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ tí ó tọ́ sí Colonel. Ní ọdún 1923, wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì sin ín sí Arlington. Ọdún 2022 ni ìjọba rẹ̀ tó fún un ní ipò Brigadier General tí wọ́n ti fi dù ú ní ọdún 1917.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ìwé náà ti ń yí padà báyìí. Murphy wọ ilé ìrántí àwọn akọni eré-ìje ní ọdún 1955, Brown ní ọdún 1984, Williamson ní ọdún 1998, Winkfield ní ọdún 2004. Brown nìkan kọ́ ni ó ti kú kí orúkọ rẹ̀ tó wọlé. Gbogbo wọn ni. Àtúnṣe tí ó ń dé lẹ́yìn ikú ń tún ìtàn ṣe, ṣùgbọ́n kò lè dá ọdún tí agẹṣin fi dúró lẹ́nu ọ̀nà padà.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí ní fún ìmọ̀ ìdánimọ̀ kì í ṣe pé akọni pọ̀ láàárín àwọn adúláwọ̀. Ó ń fi hàn pé ní ayé òde-òní, ogun àti eré-ìje lè gba gbogbo ohun tí ara ènìyàn mọ̀ í ṣe, kí wọ́n sì fi orúkọ ohun tí ó ń ṣe dù ú. Níbi tí èdè Yorùbá ti wúlò fún àlàyé yìí ni pé ọ̀rọ̀ agẹṣin kò béèrè ẹni tí ó ni ẹṣin, kò sì béèrè ẹni tí ó fún un ní ìwé. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ni ó fi pè é. Nípa ìlànà yìí, ọmọdékùnrin inú àwòrán Woodburn ti ní orúkọ tirẹ̀ láti ọdún 1864, kì í sì í ṣe Brown Dick.